Ẹ̀jẹ̀ Àbúrò Kì í Ṣe Ọ̀tá Ẹ̀gbọ́n

Fadá wa ti gbà wá láyè ní ojú ewé ìdílé yìí, kí àwa tọkọtaya lè sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó kan ilé wa. Ọ̀rọ̀ náà ti ń rìn láti ẹnu dé ẹnu, láti ọjà dé ìdí kànga, ó sì ti dé etí àwọn tí kò mọ̀ wá rí. Bí a kò bá fi ẹnu ara wa sọ ọ́, àwọn tí kò mọ ìdí rẹ̀ ni yóò máa bá wa sọ ọ́.

Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ọmọ wa obìnrin fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀gbọ́n náà láti inú wá. Àwọn kan ní ó ti ní i sínú tẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ fi bò: wọ́n ní àjẹ́ ni. Àwọn àgbà a máa wí pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ fi òwe yìí dá ẹjọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn wá pé ohun tí ó ké ní àná, àjẹ́ ni í ṣe. Ọmọ wa kò kú, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ohun tí ó sì ké nínú ara rẹ̀, a mọ orúkọ rẹ̀, a mọ ibi tí ó ti wá, a sì mọ iṣẹ́ tí ó wá ṣe. Òun ni a fẹ́ ṣàlàyé.

Ní ọdún 2015, àkọ́bí wa ọkùnrin wà ní ilẹ̀ Faransé, ó ń kàwé, ó sì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti fi bọ́ ara rẹ̀. Ọmọ ọdún 24 ni nígbà náà. Àárẹ̀ tí kò lọ ni ó fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ibà, lẹ́yìn náà ẹ̀jẹ̀ tí ń yọ ní èrìgì rẹ̀ nígbà tí ó bá ń fọ eyín. Àwọn dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní leucémie.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Gbogbo wa ni a mọ mùdùnmúdùn, ohun rírọ̀ inú eegun tí àwọn ọmọdé máa ń fà mu nígbà tí a bá jẹ ẹran tán. Inú rẹ̀ ni Ọlọ́run fi ilé iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ pupa ti ń jáde, tí ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ funfun ti ń jáde, tí í ṣe ọmọ ogun ara. Ibẹ̀ náà sì ni àwọn tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ti ń wá nígbà tí a bá fara gbọgbẹ́. Nínú àìsàn ọmọ wa, ẹ̀jẹ̀ funfun tí kò gbó ń pọ̀ sí i láìdúró, bí èpò tí ó bo oko títí àgbàdo kò fi rí ibi dúró sí. Wọ́n fún un ní oògùn líle. Èpò náà kú, ó sì tún hù. Nígbà náà ni wọ́n sọ fún wa pé àwọn yóò sun oko náà pátá, kí àwọn tó gbin mùdùnmúdùn tuntun sí i, èyí tí a óò gbà lára ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti àná. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1958, ìjàǹbá ìtànṣán kan ṣẹlẹ̀ ní Vinča, nítòsí Belgrade, ní ilẹ̀ Yugoslavia ìgbà náà. Wọ́n gbé àwọn 6 tí ó fara gbá a lọ sí Paris. Níbẹ̀ ni dókítà Georges Mathé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fún 5 nínú wọn ní mùdùnmúdùn tí àwọn ará Faransé yọ̀ǹda láti ara tiwọn. Ẹnì kan kú, àwọn yòókù padà sí ilé wọn. Ní Amẹ́ríkà, dókítà E. Donnall Thomas ti bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ náà ṣáájú, ó sì forí tì í fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà tí àwọn aláìsàn ń kú, tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì rò pé kò lè yọrí sí rere. Ní ọdún 1990 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Lára ohun tí ó pa àwọn aláìsàn àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn ni ohun náà gan-an tí wọ́n ń pè ní àjẹ́ ní ilé wa.

Kì í ṣe mùdùnmúdùn ẹnikẹ́ni ni a lè fún aláìsàn. Ẹ rántí pé ní ayé àwọn bàbá wa, bí a bá wo ilà ojú ènìyàn, a ó mọ̀ bóyá ará Kétu ni tàbí ará Ṣábẹ̀ẹ́, a ó sì mọ ilé tí ó ti jáde. Ọlọ́run fi irú ilà bẹ́ẹ̀ sí ara sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, èyíinì ni àwọn ẹyọ kéékèèké tí a fi mọ ara wa. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, dókítà Jean Dausset, ni ó kọ́kọ́ rí ọ̀kan nínú àwọn ilà wọ̀nyí ní ọdún 1958, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1980. HLA ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọmọ a máa gba ìdajì ilà rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá, ìdajì lọ́dọ̀ ìyá. Nítorí náà, láàrin ọmọ ìyá kan bàbá kan, ẹnì kan nínú 4 ni a lè retí pé ilà rẹ̀ yóò bá ti aláìsàn mu pátápátá.

Ọmọ mẹ́rin ni Ọlọ́run fún wa. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa wò. Àwa òbí, ìdajì ìdajì ni tiwa. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò, ìdajì. Èkejì, kò bá a mu rárá. Ẹnì kan ṣoṣo ni ilà rẹ̀ bá ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mu láìku kan: ọmọ wa obìnrin, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 21, tí ó ń kàwé ní Àjàṣẹ́. Nígbà tí a bi í léèrè bí ẹ̀rù bá ń bà á, ó ní, “Ìyá, ẹ̀gbọ́n mi ni ó ń pọ̀n mí lọ sí ilé ìwé nígbà tí òjò bá rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n lọ.” Ọ̀rọ̀ tí ó sọ kò ju èyí lọ.

Ó lọ ní oṣù kẹta ọdún 2016. Ọ̀kan nínú wa bá a lọ, èkejì dúró ti àwọn ọmọ yòókù. Wọ́n fi oògùn kùn ún lóorun, wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa mùdùnmúdùn jáde ní eegun ìbàdí rẹ̀. Nígbà tí ó jí, ìbàdí ń dùn ún bí ẹni tí ó ṣubú, ó sì dùn ún fún ọjọ́ díẹ̀. Kò sí ohun tí ó dín nínú ara rẹ̀ títí lọ, nítorí pé láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ mùdùnmúdùn ẹni tí ó fi tọrẹ a máa kún padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí àwọn kan ń sọ pé ẹni tí ó bá fi mùdùnmúdùn tọrẹ ti ta ìyè rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Wọn kò la ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lábẹ láti fi mùdùnmúdùn náà sí i. Inú àpò kan ni ó wà, ó pupa bí ẹ̀jẹ̀, wọ́n gbé e kọ́, ó sì ń kán wọ inú iṣan rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wá ọ̀nà ara rẹ̀ lọ sínú eegun, láìsí ẹni tí ó fi ọ̀nà hàn án. Nígbà tí ó di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sọ fún wa pé ẹ̀jẹ̀ funfun tuntun ti ń jáde. A kọrin ọpẹ́ ní ilé, a sì bẹ Fadá kí ó bá wa ṣe Mísà ìdúpẹ́.

Mísà náà kò tíì pẹ́ nígbà tí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. Awọ ara rẹ̀ ń bó. Lẹ́yìn náà inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ó ń yàgbẹ́ lọ́sàn-án lóru, oúnjẹ kò sì dúró nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ti ẹni tí ibà apọ́njú mú, nítorí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti wọ inú ìjà náà. Awọ, ìfun, ẹ̀dọ̀: àwọn ibi mẹ́ta yìí ni àrùn náà máa ń kọ́kọ́ bá jà, pàápàá láàrin 100 ọjọ́ àkọ́kọ́. Dókítà pe wá, ó ní sẹ́ẹ̀lì àbúrò ń bá ara ẹ̀gbọ́n jà. Lórí tẹlifóònù ni a ti gbọ́ ọ, ní èdè Faransé, àgbàlá sì kún fún ẹbí tí ó wá bi wá léèrè àlàáfíà. Ẹnì kan túmọ̀ rẹ̀ fún ẹnìkejì, ẹnìkejì túmọ̀ rẹ̀ fún ẹnìkẹta. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbólóhùn dókítà ti di ẹ̀sùn. Ẹnì kan nínú ẹbí tilẹ̀ dárúkọ Kéènì àti Ébẹ́lì.

Kí ni ó ń jà nígbà náà? Nínú àwọn ọmọ ogun ara, ẹ̀yà kan wà tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T. Inú mùdùnmúdùn ni a ti ń bí wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í gba ohun ìjà níbẹ̀. Wọ́n ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn eegun igbá àyà, lókè ọkàn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ thymus. Láti inú orúkọ náà ni T ti wá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún àwọn onímọ̀ rò pé thymus kò wúlò fún ohunkóhun. Ní 1961, ní London, Jacques Miller, ẹni tí a bí ní Nice ní ilẹ̀ Faransé, fi hàn pé eku tí a yọ tirẹ̀ kúrò ní ọmọ tuntun kì í lè bá àrùn jà. Ní ilé ẹ̀kọ́ yìí, a ń dán sẹ́ẹ̀lì T wò gírígírí ju bí katikíìsì ti ń dán àwọn ọmọ wa wò lọ. Èyí tí kò bá lè ka ilà ara onílé, a ó lé e. Èyí tí ó bá fẹ́ bá ara onílé jà, a ó pa á. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kì í yege. Ìwọ̀nba tí ó yege ni ó ń jáde lọ ṣọ́ ara, wọ́n ń lọ láti sẹ́ẹ̀lì dé sẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń wò bóyá àjèjì wà níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ilé wa wà nìyí. Nínú mùdùnmúdùn tí ọmọ wa obìnrin fi tọrẹ, sẹ́ẹ̀lì T wà níbẹ̀, àwọn tí ó ti ṣe ìdánwò wọn yege. Ṣùgbọ́n inú ara tirẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é. Ara tirẹ̀ ni wọ́n mọ̀ sí ilé. Nígbà tí wọ́n dé inú ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ilà ojú kan náà ni wọ́n bá. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì T kì í wo ilà nìkan. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nínú ara a máa gbé díẹ̀ nínú ohun tí ó wà nínú rẹ̀ síta, bí obìnrin tí ó gbé àwo ọjà síwájú ilé, sẹ́ẹ̀lì T yóò sì wo inú àwo náà. Ọkùnrin ni ẹ̀gbọ́n. Ohun kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì ọkùnrin tí kò sí nínú ti obìnrin rárá, nítorí àmì tí bàbá nìkan ń fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni ó ń mú un jáde. Àwọn sẹ́ẹ̀lì T obìnrin náà kò rí irú rẹ̀ rí ní ilé ẹ̀kọ́ wọn. Wọ́n ní àjèjì ni.

Àlàyé yìí kì í ṣe àròsọ tiwa. Ní ọdún 1976, ní Leiden, ní ilẹ̀ Holland, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Els Goulmy yẹ ẹ̀jẹ̀ obìnrin kan wò, ẹni tí ara rẹ̀ kọ mùdùnmúdùn tí arákùnrin rẹ̀ fún un, bẹ́ẹ̀ ilà wọn bára mu. Ó rí sẹ́ẹ̀lì T nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà tí ó ń pa sẹ́ẹ̀lì ọkùnrin, tí kì í sì í pa ti obìnrin. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn gbangba pé nígbà tí arábìnrin bá fún arákùnrin ní mùdùnmúdùn, ìjà irú èyí a máa wáyé ju ìgbà tí ọkùnrin bá fún ọkùnrin lọ. Àwọn dókítà mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó pe ọmọ wa. Wọ́n sọ ọ́ fún wa, wọ́n sì sọ ọ́ fún òun náà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn ní ilé wa tí ilà rẹ̀ bá a mu pátápátá. Nínú àwọn orúkọ tí wọ́n kọ sílẹ̀ káàkiri ayé pé àwọn ṣetán láti tọrẹ, àwọn aláwọ̀ funfun ni ó pọ̀ jù, ó sì ṣòro fún ọmọ Áfíríkà láti rí ẹni tí ó bá a mu níbẹ̀.

Onímọ̀ kan, Rupert Billingham, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1966 pé ohun mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ pàdé kí àlejò tó lè bá onílé jà báyìí. Èkíní, kí ọmọ ogun tí ó mọ ìjà wà nínú ohun tí a fi tọrẹ. Èkejì, kí ohun kan wà lára onílé tí àlejò kò mọ̀ rí. Ẹ̀kẹta, kí onílé má lágbára láti lé àlejò jáde. Oògùn líle sì ti pa ọmọ ogun ọmọ wa tẹ́lẹ̀. Ẹ ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìkórìíra kò sí nínú wọn. Ìlara kò sí nínú wọn. Ẹ sì tún wò ó: àwọn ènìyàn wà ní Jámánì àti ní ilẹ̀ mìíràn tí wọ́n ń fi mùdùnmúdùn tọrẹ fún ẹni tí wọn kò rí rí, tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀. Ìjà yìí ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ náà. Kí ni àlejò tí kò mọ̀ ọ́ yóò ní sínú sí ọ? Ní ọjọ́ tí awọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bó, ọmọ wa obìnrin ti padà sí Àjàṣẹ́, ó ń ṣe ìdánwò rẹ̀, ó sì ń ka rosárì fún un ní alaalẹ́. Sẹ́ẹ̀lì T kò gbọ́ àdúrà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì bá tí gbọ́ èpè bí ó bá tilẹ̀ ṣẹ́ ẹ.

Ẹnì kan lè wí pé, ǹjẹ́ kò ní sàn kí irú ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ má sí rárá? Ẹ gbọ́ ìtàn David Vetter. Ọmọ ìdílé Kátólíkì kan ní Texas ni, a bí i ní 1971 láìní ọmọ ogun ara. Inú àpótí rọ́bà tí afẹ́fẹ́ mímọ́ nìkan ń wọ̀ ni ó dàgbà sí. Omi tí wọ́n fi ṣe ìbatisí rẹ̀, wọ́n ti kọ́kọ́ pa gbogbo kòkòrò inú rẹ̀. Ní 1983 ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fún un ní mùdùnmúdùn. Kòkòrò àrùn kan sùn nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n náà láìṣe é ní nǹkan, irú èyí tí ó ń sùn nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwa tí a ń ka ìwé yìí. Nínú ara David, tí kò ní olùṣọ́, ó jí, ó sì di jẹjẹrẹ. Ó kú ní oṣù kejì ọdún 1984, ní ọmọ ọdún 12. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un ní ohun tí ó dára jù tí ó ní. Ìfẹ́ ni ó fi ṣe é, ikú sì gba ibẹ̀ wọlé láìsí ẹ̀bi ẹnikẹ́ni.

Èyí tí ó yà wá lẹ́nu jù ni a fẹ́ sọ báyìí. Ní ọdún 1979, àwọn dókítà ní Seattle ní Amẹ́ríkà kíyè sí i pé láàrin àwọn tí àlejò bá jà báyìí, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kì í sábà padà bí ó ti ń padà sára àwọn tí kò rí ìjà kankan. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn dókítà gbìyànjú láti ṣa gbogbo sẹ́ẹ̀lì T kúrò nínú mùdùnmúdùn kí wọ́n tó fún aláìsàn. Ìjà dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ń padà lemọ́lemọ́. Àwọn ìbejì tí ó jọra pátápátá náà, tí ọ̀kan fún èkejì, wọn kì í rí ìjà, jẹjẹrẹ sì ń padà sí wọn lára ju ti àwọn yòókù lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé oògùn líle kì í pa gbogbo èpò tán. Sẹ́ẹ̀lì T àlejò ni ó ń wá ìyókù kiri nínú ara, tí ó ń hú u tigbòǹgbò tigbòǹgbò. Ní 1990, ní Munich, dókítà Kolb àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ jábọ̀ pé àwọn padà lọ gba ẹ̀jẹ̀ funfun lára àwọn tí ó tọrẹ ní ìṣáájú, kí ó lè bá jẹjẹrẹ tí ó padà wá jà, ó sì ṣẹ́gun rẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ ogun kan náà tí ó bó awọ ọmọ wa ni irú èyí tí ó ń ṣọ́ ọ kí jẹjẹrẹ má padà. Ọdẹ tí ó ń ṣọ́ àdúgbò lóru lè na ọmọ onílé tí kò dá mọ̀ nínú òkùnkùn. A ó kọ́ ọdẹ náà kí ó mọ ọmọ ilé. A kò ní lé e lọ nígbà tí olè ṣì wà nínú igbó.

Kíkọ́ ọ náà kò rọrùn. Wọ́n fún ọmọ wa ní oògùn tí ń rọ ọmọ ogun lọ́rùn, àwọn corticoïde, pẹ̀lú ciclosporine, èyí tí a rí láti ara ohun kan bí olú nínú erùpẹ̀ ilẹ̀ Norway. Nígbà tí a bá rọ ọdẹ lọ́rùn, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún olè mìíràn: ibà, ikọ́, àrùn tí kì í ṣe ẹlòmíràn ní nǹkan. Ó wà ní yàrá oun nìkan fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, a kò sì lè fọwọ́ kàn án láìwọ ìbọ̀wọ́. Nígbà tí ó yá, wọ́n tún gún un ní gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a ti gún un ní ọmọ ọwọ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ tuntun rẹ̀ kò rántí ohun tí ti àtijọ́ mọ̀. Ó gbà á ju ọdún méjì lọ kí ó tó fi oògùn náà sílẹ̀. Títí di òní ojú rẹ̀ gbẹ, ó ń kán omi sí i. Ẹnu rẹ̀ gbẹ, kò sì lè jẹ ata bí ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́, ó ń rìn, jẹjẹrẹ náà kò sì padà.

Ìmọ̀ kò dúró níbẹ̀. Ní 1995, Shimon Sakaguchi ní ilẹ̀ Japan fi hàn pé onílàjà wà láàrin àwọn sẹ́ẹ̀lì T fúnra wọn, àwọn tí iṣẹ́ wọn ni láti sọ fún àwọn yòókù pé ó tó. Òun àti àwọn Amẹ́ríkà méjì, Mary Brunkow àti Fred Ramsdell, ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2025. Ní Perugia, ní Ítálì, àwọn dókítà ti ń fún àwọn aláìsàn ní àwọn onílàjà yìí pọ̀ mọ́ mùdùnmúdùn, wọ́n sì jábọ̀ rẹ̀ ní 2011. Ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí i pé bí a bá fún aláìsàn ní oògùn cyclophosphamide ní ọjọ́ kẹta àti ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn tí ó gba mùdùnmúdùn, ó ń pa púpọ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì T tí inú ti ń bí, ó sì ń dá àwọn yòókù sí. Nítorí èyí, bàbá tàbí ìyá tí ìdajì ilà rẹ̀ nìkan bá ti ọmọ mu ti lè tọrẹ báyìí.

Àwọn òbí kan nínú ìjọ wa ti bi wá bóyá irú ìtọ́jú yìí lè wo fòní-kú-fọ̀la-dìde sàn. Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè wò ó. Àkọ́kọ́ tí a kọ ìròyìn rẹ̀ ni ti ọmọbìnrin kan ní Memphis ní Amẹ́ríkà ní 1984. Ní Nàìjíríà, wọ́n ṣe é fún ọmọ kan ní ilé ìwòsàn yunifásítì ìlú Ìbìní ní 2011. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀, ìjà àlejò sí onílé sì wà nínú rẹ̀. Ẹ má torí rẹ̀ pa ìtọ́jú tí ó wà nítòsí tì. Ní Kútọnu, ọ̀jọ̀gbọ́n Chérif Rahimy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn pé bí a bá tètè mọ ọmọ tí ó ní àrùn náà, tí a sì ń tọ́jú rẹ̀ déédéé, ara rẹ̀ yóò le ju ti ẹni tí a fi sílẹ̀ lọ.

Ìdí tí a fi kọ gbogbo èyí ni ọmọ wa obìnrin. Ẹbí kan ti wá kan ilẹ̀kùn wa nítorí rẹ̀, inú wa sì dùn. Lẹ́yìn náà alárinà padà wá, ó ní kí a fún àwọn láyè díẹ̀, pé àwọn gbọ́ ohun kan nípa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. A kò bínú sí wọn. Òbí ni wọ́n, wọ́n ń ṣọ́ ọmọ tiwọn. Ṣùgbọ́n ọmọ wa kò lọ sí ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó jókòó tì wá, ó ní, “Bàbá, Ìyá, ṣé òótọ́ ni pé èmi ni mo ṣe é?” Ẹ̀yin òbí, ẹ fi ara yín sí ipò wa. Ọmọ tí ó fi eegun ara rẹ̀ gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ ikú ni ó ń bi wá bóyá òun ni apànìyàn.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́, ó pè é níwájú gbogbo ẹbí, ní èdè wa, kí ẹnikẹ́ni má bàa túmọ̀ rẹ̀ sódì. Ó ní, “Bí dókítà bá yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò lónìí, ẹ̀jẹ̀ obìnrin ni yóò bá níbẹ̀. Tirẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá pè é ní àjẹ́, èmi náà ni ó pè bẹ́ẹ̀.” Òótọ́ ni ó sọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú gbogbo ọkùnrin tí ó gba mùdùnmúdùn lára obìnrin, tí ó sì mú dáadáa: àmì obìnrin ni yóò máa wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò sì yí padà sí ti ẹni tí ó fún un.

Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì, tí ó bẹ orílẹ̀-èdè wa wò ní 1982 àti 1993, kọ lẹ́tà kan sí gbogbo Ìjọ ní 1995 lórí ìyè ènìyàn. Nínú rẹ̀ ni ó ti yin àwọn tí ń fi ẹ̀yà ara wọn tọrẹ lọ́nà tí ó tọ́, láti fún aláìsàn tí kò ní ìrètí mìíràn ní ìlera. Bí Ìjọ bá ń yin irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, kò tọ́ kí àwa ọmọ Ìjọ máa bu ẹnu àtẹ́ lù ú ní ẹ̀yìn ilé.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà níbikíbi, ẹ sọ ohun tí ẹ kà níbí. Bí àìsàn bá kan ilé ẹnikẹ́ni tí wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ ìyá wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù ẹnu ayé dá wọn dúró. Bí ẹ bá sì pàdé ọmọ wa ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi, ẹ má dákẹ́ bí ó ti ń kọjá. Ẹ kí i kú oore. Ẹ bi í léèrè ìgbà tí yóò padà sí ẹgbẹ́ akọrin, nítorí pé ohùn rẹ̀ dùn, a sì ti ń retí rẹ̀.

Kí Màríà Wúndíá, ẹni tí ó dúró ti Ọmọ rẹ̀ nígbà tí gbogbo ayé ń fi ẹ̀sùn kàn án, dúró ti gbogbo ìyá tí ọmọ wọn ń ṣàìsàn, àti gbogbo ọmọ tí a ń bà lórúkọ jẹ́ láìṣẹ̀. Àmín.

Bàbá àti ìyá kan nínú ìjọ yìí